Nígbà tí eku bá gbàgbé ọ̀nà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọpọlọ, ìrántí àti àrùn ìgbàgbé lára ẹranko ìwádìí

Oṣù kan kì í lọ kí ìròyìn kan má gba orí WhatsApp kan pé wọ́n ti rí oògùn àrùn ìgbàgbé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, pé wọ́n ti dán an wò lára eku, ó sì ṣiṣẹ́. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òótọ́ dé àyè kan, ṣùgbọ́n kì í sọ ibi tí òótọ́ náà pin sí. Ẹni tó ní òbí tó ń dàgbà nílé ni mo kọ àwọn ìdáhùn yìí fún, kó lè mọ ohun tí ìwádìí lára ẹranko lè sọ fún un, àti ohun tí kò lè sọ.

Ṣé dementia yìí kọ́ ni arán tí àwọn àgbà ti ń ṣe tipẹ́?

Òun náà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fà á. Ìyá àgbà tó pe orúkọ ọmọ-ọmọ mẹ́ta kó tó kan ẹni tó ń bá wí, ara ogbó nìyẹn. Èyí tó gbé epo kaná láti se ọbẹ̀ tó ti ń sè láti kékeré, tí kò wá mọ ohun tó kàn mọ́, tàbí tó ṣìnà ládùúgbò tó ti gbé fún ogójì ọdún, àìsàn ló ń bá a jà. Dementia ni orúkọ àpapọ̀ fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ ń fà ló tẹ̀lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn tó ní dementia káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 55, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó.

Oníṣègùn ará Jámánì ni Alois Alzheimer. Ní 1901, ní Frankfurt, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 51 ni, kò sì lè rántí nǹkan mọ́. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ó rí oríṣi ohun méjì níbẹ̀: òkìtì ìdọ̀tí láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra wọn nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ohun méjì yìí náà ni a ṣì ń wá nínú ọpọlọ eku lónìí.

Kí ló dé tí wọn ò fi ọpọlọ ènìyàn ṣe gbogbo ìwádìí náà?

Wọ́n ń yẹ ọpọlọ ènìyàn wò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú ni ọ̀pọ̀ jù lọ, nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Ìdọ̀tí tí mò ń wí yìí ti máa ń gbára jọ fún nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kí onítọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Kò sẹ́ni tó lè máa bù díẹ̀díẹ̀ lára ọpọlọ alààyè wò fún ogún ọdún. Èkúté, ní tirẹ̀, kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ láyé, nítorí náà láàárín oṣù díẹ̀ ni onímọ̀ lè tẹ̀ lé àyípadà ọpọlọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣé èkúté máa ń ní Alzheimer fúnra rẹ̀?

Kì í ní in. Èkúté tó ti gbó máa ń lọ́ra, ìrántí rẹ̀ náà á sì dínkù, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kì í kó òkìtì jọ. Purotéènì tí òkìtì náà ti ń wá, amílọ́ìdì, ibi mẹ́ta péré ni ti èkúté fi yàtọ̀ sí ti ènìyàn, síbẹ̀ ìyẹn tó láti má jẹ́ kó dì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti ti jíìnì ènìyàn, ohun àjogúnbá tó ń pàṣẹ bí ara ṣe máa ṣe purotéènì, bọ inú ẹyin èkúté. Jíìnì tí wọ́n sì ń mú ni ti àwọn ìdílé tí Alzheimer ti ń jẹ́ àjogúnbá, tó máa ń mú wọn ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún.

Ní 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú èkúté bẹ́ẹ̀ tó ní òkìtì tó pọ̀ jáde, PDAPP ni wọ́n pè é. Lọ́dún kejì, Karen Hsiao àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, gbé Tg2576 jáde, pẹ̀lú jíìnì tí wọ́n rí nínú ìdílé kan ní Sweden. Èyí tó ń jẹ́ 3xTg tẹ̀ lé e ní 2003 láti California, ó ní ìyípadà mẹ́ta nínú jíìnì. Ní 2006, 5xFAD dé pẹ̀lú ìyípadà márùn-ún, òkìtì sì ti máa ń wà nínú ọpọlọ tirẹ̀ ní ọmọ oṣù méjì. Nígbà tó di 2014, Takaomi Saido àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Japan gba ọ̀nà mìíràn: dípò kí wọ́n da jíìnì ènìyàn bo èkúté, wọ́n tún jíìnì èkúté gan-an ṣe kó lè máa mú amílọ́ìdì ti ènìyàn jáde. Ìdí ni pé àpọ̀jù purotéènì fúnra rẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ tí kò kan Alzheimer rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé: irú Alzheimer àjogúnbá yìí kò tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Èyí tó ń mú àwọn òbí wa, ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké ló ń para pọ̀ fà á. Apá kan àìsàn náà ni èkúté ń fi hàn wá.

Èkúté kò lè sọ̀rọ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti gbàgbé?

Ìdánwò tó lókìkí jù ni ti Richard Morris, tó gbé e jáde ní Scotland ní 1981. Wọ́n á pọn omi sínú abọ́ ńlá roboto kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ lè ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, wọ́n á wá fi nǹkan funfun da omi náà rú. Pẹpẹ kékeré kan wà lábẹ́ omi náà tí ojú kò lè rí. Eku mọ omi wẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀, á sì máa wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á kàn máa wẹ̀ kiri títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ṣèèṣì kan pẹpẹ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, eku tí ara rẹ̀ dá á wo àwọn àwòrán tó wà lára ògiri yàrá, á sì wẹ̀ lọ síbẹ̀ tààrà. Níkẹyìn wọ́n á yọ pẹpẹ náà kúrò. Eku tó rántí á máa yí ibi tí pẹpẹ náà ti wà tẹ́lẹ̀ po. Eléyìí tí àìsàn ń ṣe á máa rìn gbéregbère káàkiri abọ́ náà bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ọlọgbọ́n onímọ̀ kì í dúró síbẹ̀. Á tún gbé pẹpẹ tó hàn sí gbangba sínú omi, kó lè mọ̀ bóyá ojú eku náà ríran àti bóyá apá rẹ̀ lágbára láti wẹ̀. Àwọn ìdílé èkúté láàbù kan wà tí jíìnì tó ń ba ojú jẹ́ wà lára wọn. Afọ́jú nírú wọn. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gbàgbé.

Àpótí orítamẹ́ta náà wà. Èkúté fẹ́ràn láti máa tú ibi tuntun wò. Tó bá ti ya apá kan, tí iyè rẹ̀ sì ṣì mú, apá mìíràn ló máa yà tẹ̀ lé e. Tó bá ń padà síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde, a jẹ́ pé ìrántí ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti ń yọ̀ lọ. Ìdánwò kẹta ni pé kí wọ́n gbé nǹkan méjì tó jọra fún un, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀kan lọ́jọ́ kejì. Èkúté tó rántí á lọ fimú gbọ́ èyí tó jẹ́ tuntun pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú gbogbo èyí ni pé ìrántí ibi àti ìrántí ohun là ń wọ̀n. Kò sí ìdánwò eku tó lè wọn ìgbà tí bàbá kan gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tàbí ìgbà tí òwe já bọ́ lẹ́nu ẹni tí gbogbo ìlú ti ń gbọ́ òwe lẹ́nu rẹ̀.

Ibo nínú ọpọlọ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀?

Hippocampus àti àyíká rẹ̀ ni, níhà inú ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀. Ní 1971, ní London, John O'Keefe rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ nínú ọpọlọ eku tó jẹ́ pé ìgbà tí eku bá dé ibì kan pàtó nìkan ni wọ́n ń jí ṣiṣẹ́. Òun àti May-Britt àti Edvard Moser ti Norway ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ lórí ìmọ̀ ọ̀nà yìí ní 2014. Ibẹ̀ gan-an ni Alzheimer ti kọ́kọ́ ń ba ènìyàn jà, ìdí nìyẹn tí ṣíṣìnà fi máa ń yọjú ní kùtùkùtù.

Kí ló ń yípadà nínú ọpọlọ náà gan-an?

Òkìtì amílọ́ìdì ló ń hàn sójú jù, ó sì pẹ́ kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló burú jù. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í dá ṣiṣẹ́. Sínápùsì ni ojú ibi tí ọ̀kan ti ń fi iṣẹ́ rán èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ sì lè wà lára sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Nínú ọpọlọ ènìyàn tó ní Alzheimer, iye sínápùsì tó ṣòfò ló bá bí ìgbàgbé onítọ̀hún ṣe pọ̀ tó mu jù, ju iye òkìtì lọ. Èkúté jẹ́ ká rí ìdí rẹ̀: sínápùsì ti ń dínkù kí òkìtì tó fara hàn rárá.

Ta ló ń jẹ wọ́n run? Ní 2008, àwọn onímọ̀ yọ amílọ́ìdì jáde láti inú ọpọlọ àwọn tí Alzheimer pa, wọ́n sì fi sínú ọpọlọ eku. Àwọn wóró kéékèèké tó ṣì ń yọ́ nínú omi ló da ìrántí eku rú; àárín òkìtì tó ti gan kò ṣe é ní nǹkankan. Ní 2016, ẹgbẹ́ Beth Stevens ní Boston fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbálẹ̀ ọpọlọ, microglia, ló ń gbé sínápùsì mì. Iṣẹ́ wọn ni láti kó ìdọ̀tí àti kòkòrò kúrò. Bí amílọ́ìdì bá ti kan wọ́n, àmì tí ara fi ń sàmì sí ohun tó yẹ kí wọ́n kó dànù á lẹ̀ mọ́ sínápùsì tó ṣì dára. Nígbà tí wọ́n dí àmì yìí lọ́nà lára èkúté, sínápùsì kò ṣòfò tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ibi tí èkúté ti kùnà. Nínú ọ̀pọ̀ èkúté amílọ́ìdì, Tg2576 fún àpẹẹrẹ, fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ kì í sí, sẹ́ẹ̀lì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Ọpọlọ ènìyàn tó ní Alzheimer ń sún kì, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń kú. Kí wọ́n tó lè rí fọ́nrán nínú èkúté, jíìnì purotéènì kejì, táù, ni wọ́n ní láti lò, láti ara àwọn ìdílé tí oríṣi dementia mìíràn ń bá jà, nítorí kò sí ìyípadà jíìnì táù tó ń fa Alzheimer. Nítorí náà èkúté tó ní méjèèjì, àlẹ̀mọ́ àìsàn méjì ló wà lára rẹ̀.

Ṣé ìrántí tó lọ ti lọ pátápátá nìyẹn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, lára èkúté, ó jọ pé kò lọ. Èyí nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyí ló wú mi lórí jù.

Ní 2016, ẹgbẹ́ Susumu Tonegawa ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé èkúté amílọ́ìdì ọmọ oṣù méje sínú àpótí kan, wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á lẹ́sẹ̀. Èkúté tí ara rẹ̀ dá, bí wọ́n bá dá a padà sínú àpótí náà lọ́jọ́ kejì, á dúró gbagidi fún ìbẹ̀rù. Eléyìí kàn ń rìn kiri bíi pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ta á, lọ́nà tí iná aláwọ̀ búlúù fi lè jí wọn. Nígbà tí wọ́n tan iná náà sí wọn, èkúté dúró gbagidi. Ìrántí wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó lọ bá a ló dí. Wọ́n tún rí i pé tí wọ́n bá fi iná jí ọ̀nà náà léraléra títí tí àwọn ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì fi tún hù, èkúté náà ń rántí fúnra rẹ̀ láìsí iná.

Ìwádìí kan ti wà ṣáájú, ní 2005, tó bá a mu. Wọ́n ṣẹ̀dá èkúté tí wọ́n lè fi oògùn doxycycline pa jíìnì táù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, ìrántí èkúté tó ti ń gbàgbé tún bẹ̀rẹ̀ sí í dára, bẹ́ẹ̀ àwọn fọ́nrán ṣì ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa ti iná bọ orí ìyá yín, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí fún wa ni ìdí láti wá ìwòsàn ní kùtùkùtù, kí sẹ́ẹ̀lì tó kú.

Mo kà á pé ewé kan dá ìrántí eku padà ní yunifásítì kan nílé wa. Ṣé kí n máa fún màmá mi?

Ìbéèrè yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí owó àti ẹ̀mí ló ń bá a lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé: báwo ni wọ́n ṣe sọ eku náà di onígbàgbé?

Èkúté tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà wọ́n gan-an, láti òkè òkun ni wọ́n sì ti ń ra ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà ń lo scopolamine, kẹ́míkà kan tó ń dí acetylcholine lọ́nà. Acetylcholine jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ó sì máa ń dínkù gan-an nínú Alzheimer. Wọ́n á gún eku ní scopolamine, láàárín bí ìdajì wákàtí kò ní mọ apá orítamẹ́ta tó ti yà mọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, oògùn náà á dá lójú rẹ̀. Òkìtì kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán kò sí. Bí ewé bá mú kí irú eku yìí rántí, ohun tí a mọ̀ ni pé ewé náà lè bá scopolamine jà. A ò tíì mọ̀ bóyá ó lè bá Alzheimer jà. Àwọn mìíràn ń lo aluminium chloride fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyẹn ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lóòótọ́, síbẹ̀ májèlé ni, kì í ṣe àìsàn àwọn òbí wa.

Mi ò fi ojú di iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wa. Ọ̀nà yìí gan-an ni oògùn gidi kan gbà wá. Èso kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Ẹ́fíìkì máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ, tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1864, àwọn oníkẹ́míkà ará Jámánì yọ physostigmine jáde nínú rẹ̀, èyí tó ń dí ohun tó ń fọ́ acetylcholine lọ́nà. Láti ara physostigmine ni wọ́n ti wá ṣe rivastigmine, tí àwọn dókítà ń kọ fún àwọn aláìsàn Alzheimer lónìí, tó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀ fún ìgbà kan. Láti orí èso tó ń pa ènìyàn dé orí oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìwọ̀n tí wọ́n fún eku kò ṣeé sọ di púpọ̀ lásán kó di ti ènìyàn. Màmá yín tún lè máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kò sì sí eku kankan nínú ìwádìí yẹn tó ń lò ó. Nítorí náà, ẹ má fún un.

Báwo ni oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èkúté tí kì í ṣiṣẹ́ lára ènìyàn?

Ẹ jẹ́ ká wo àjẹsára AN1792. Ní 1999, Dale Schenk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi amílọ́ìdì ṣe abẹ́rẹ́ fún èkúté PDAPP. Òkìtì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hù rárá nínú ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Nínú àwọn tó ti dàgbà, ó dínkù. Inú gbogbo ayé dùn. Wọ́n gbé e dé ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ní 2002 wọ́n ní láti dá a dúró: nínú àwọn bí 300 tó gbà á, ọpọlọ àwọn 18 ti wú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn kan tó ti kú lára wọn wò. Òkìtì ti lọ nínú ọpọlọ àwọn kan, síbẹ̀ dementia tó le koko ni wọ́n gbé kú.

Láti 2002 sí 2012, nínú àwọn oògùn Alzheimer tí wọ́n dán wò lára ènìyàn, 99.6% ló kùnà. Ìdí pọ̀. Èkúté máa ń gba oògùn kí òkìtì tó hù. Ènìyàn máa ń gbà á nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ti kú lọ. Èkúté láàbù dà bí ìbejì ara wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ nínú àgò kan náà. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń ka àbájáde mọ èkúté tó gba oògùn. Àwọn iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí kò ṣeé gbára lé: ìwé kan tó gbajúmọ̀ láti 2006, lórí oríṣi amílọ́ìdì kan tí wọ́n ní ó ń pa ìrántí Tg2576, ni wọ́n fà padà ní 2024 nítorí pé wọ́n ti tún àwọn àwòrán inú rẹ̀ ṣe.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò dí tán. Lára èkúté ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ohun tó wá di oògùn lecanemab wò. Nínú ìdánwò tó kó ènìyàn 1,795 jọ, fún oṣù 18, ó dín bí àìsàn ṣe ń burú sí i kù ní 27%, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2023. Kì í dá ìrántí padà. Ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ó sì gba kí wọ́n máa ya fọ́tò ọpọlọ léraléra.

Ajá ńkọ́?

Ajá ní in fúnra rẹ̀! Amílọ́ìdì tirẹ̀ bá ti ènìyàn mu pátápátá, kò sì sẹ́ni tó fi jíìnì kankan sí i lára. Ajá àgbà tó ní àìsàn yìí á máa rìn kiri lóru, á dúró sí kọ̀rọ̀ ilé bí ẹni tí kò mọ bó ṣe máa jáde, á máa tọ̀ sínú ilé. Nínú ìwádìí ọlọ́dún mélòó kan lórí àwọn ajá beagle tó ti dàgbà, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ tó kún fún èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sì ń bá ṣeré, tí wọ́n ń rìn, ṣe dáadáa nínú ìdánwò ju àwọn yòókù lọ.

A ò pe ajá tó ń rìn lóru yìí ní àjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tó ń ṣe ohun kan náà ti jìyà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò àti àwọn tó ń pe ara wọn ní wòlíì. Ohun tó wà nínú ọpọlọ àwọn méjèèjì fara jọra.

Ṣé wọ́n ń fi ẹranko tiwa náà ṣe ìwádìí?

Òkété! Ní Yunifásítì Ìbàdàn, James Olopade àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko ti ń yẹ ọpọlọ òkété wò fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń wo ohun tí vanadium ń ṣe fún un, irin kan tó máa ń wà nínú epo rọ̀bì, tó sì ń tú sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń jó o. Wọ́n rí ìbàjẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti lára ọ̀rá tó bo okùn wọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, torí pé afẹ́fẹ́ tí òkété ń mí sínú la jọ ń mí, kì í ṣe ti inú àgò láàbù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?

Kyoto, ní Japan, ni wọ́n ti tọ́ ìdílé eku kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru fúnra rẹ̀, láti 1963. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti fi wáyà tín-ín-rín wé òpó ẹ̀jẹ̀ méjèèjì lọ́rùn èkúté, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gòkè lọ sí ọpọlọ dínkù díẹ̀. Láàárín oṣù kan, apá funfun ọpọlọ, níbi tí àwọn okùn sẹ́ẹ̀lì ti ń kọjá, ti bàjẹ́, ìrántí sì ti rẹ̀yìn, láìsí òkìtì amílọ́ìdì kankan. Fún àwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé a ní in, mo rò pé eku Kyoto yìí wúlò fún wa ju Tg2576 lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní gbogbo ìlú.

Ṣé àìsùn ń fa ìgbàgbé?

Ní 2009, wọ́n rí i ní St. Louis pé amílọ́ìdì ń pọ̀ nínú ọpọlọ èkúté tó jí, ó ń dínkù tó bá sùn, àti pé èkúté tí wọn kò jẹ́ kó sùn dáadáa ń kó òkìtì jọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 2013, àwọn mìíràn sọ pé oorun ni omi inú ọpọlọ fi ń ṣan ìdọ̀tí jáde. Ní 2024, ẹgbẹ́ kan ní London rí òdìkejì rẹ̀ lára èkúté tiwọn. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Oorun ṣì dára.

Wọ́n ní àwa Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ní Alzheimer. Ṣé òótọ́ ni?

Láti 1992 ni Ìbàdàn àti Indianapolis ti jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó lé ní 2,000 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, Yorùbá ní Ìdíkàn, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde 2001 ni pé lọ́dọọdún, dementia tuntun ń mú 1.35% ní Ìbàdàn, 3.24% ní Indianapolis. Jíìnì APOE4, tó ń fi ewu kún un gan-an lára àwọn aláwọ̀ funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà náà.

Èkúté tó ní APOE4 ènìyàn àti amílọ́ìdì máa ń kó òkìtì jọ ju àwọn tó ní oríṣi APOE mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n irú èkúté yìí kì í jẹ àmàlà, kì í sì í gbé ní agboolé. Ìwádìí Ìbàdàn sọ fún wa pé jíìnì kan náà lè hùwà ọ̀tọ̀ ní ibi ọ̀tọ̀, ohun tí àgò láàbù kò lè fi hàn. Ẹ má sì torí 1.35% yẹn sọ pé kò kàn wá: àwọn àgbà wa ń pọ̀ sí i, oúnjẹ wa sì ti yí padà láti 1992.

Ṣé kì í ṣe ìwà ìkà sí ẹranko?

Ìrora wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Láti 1959 ni àwọn onímọ̀ ti ń lo ìlànà mẹ́ta: kí wọ́n lo ohun mìíràn dípò ẹranko níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n dín iye ẹranko kù, kí wọ́n sì dín ìrora kù. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lójú mi, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa ni ìkà tó pọ̀ jù, nítorí ẹranko kú, ẹnikẹ́ni kò sì rí ohunkóhun kọ́.

Màmá wa ti ń gbàgbé. Kí ni kí a ṣe báyìí?

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì wá àwọn ohun tó ṣeé wò: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìtó fítámì B12, àìsàn thyroid, ìbànújẹ́ ọkàn tó pẹ́, etí tó ti di.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí scopolamine. Àwọn oògùn kan tí à ń rà ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà ń dí acetylcholine lọ́nà bíi tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára wọn kò tó tirẹ̀: chlorpheniramine tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, promethazine tí àwọn mìíràn fi ń sùn, amitriptyline náà. Lára àgbàlagbà, wọ́n lè da iyè rú gan-an, nígbà mìíràn iyè náà á sì tún mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá dá wọn dúró. Ẹ má dá oògùn tí dókítà kọ dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo ohun tí màmá ń lò sínú àpò kan, àgbo àti èyí tí aládùúgbò fún un pẹ̀lú, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì bi í pé èwo nínú wọn ló ń dí acetylcholine.